Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀? Àkọsílẹ̀ Ẹgbẹ́ Awòfíìmù Kan ní Àríwá Jámánì

Inú yàrá ìpàdé ilé ìkàwé kan, ní ìlú ńlá kan ní àríwá Jámánì, ni ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ kì í ṣe irú kan náà. Àwọn ìyá àgbà wà níbẹ̀ tí wọ́n ti Anatolia ní Tọ́kì wá nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, pẹ̀lú ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn tí wọ́n bí sí Jámánì. Àwọn obìnrin láti Nàìjíríà àti Gánà wà níbẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn ń tún ọ́fíìsì ṣe tàbí kí wọ́n máa tọ́jú arúgbó. Àwọn ará Jámánì díẹ̀ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì náà ń wá, àwọn ọkọ kan sì máa ń bá ìyàwó wọn wá. Èèyàn méjì ló ń darí ẹgbẹ́ náà: ọ̀kan jẹ́ ará Jámánì, èkejì jẹ́ obìnrin Yorùbá tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa sinimá níbẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. A fẹ́ máa wo àwọn fíìmù Jámánì tó dá lórí ìṣíkiri àti ilẹ̀ ẹni, kí a sì máa jíròrò lórí wọn. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́ nípa rẹ̀, torí pé ìbéèrè kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ náà ká.

Àwọn olùdarí to fíìmù wọn bí ìwé ìtàn sinimá ṣe máa ń tò wọ́n. Ti àwọn ọdún 1950 ló kọ́kọ́ wà, ìyẹn àwọn fíìmù tí wọ́n ń pè ní Heimatfilm (fíìmù ilẹ̀ ẹni), tí wọ́n kún fún igbó, òkè, orin àti aṣọ ìbílẹ̀. Fíìmù Rainer Werner Fassbinder, olùdarí ará Jámánì ti àwọn ọdún 1970, ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Fatih Akın, olùdarí tí wọ́n bí sí Jámánì, tí òbí rẹ̀ ti Tọ́kì wá. Ẹni tó bá wo irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò rò pé gbogbo ará Jámánì ló ti wà lójú kan lórí ilẹ̀ wọn kí àlejò tó dé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lẹ́yìn ogun tó parí ní 1945, nǹkan bí mílíọ̀nù 12 ọmọ Jámánì ló sá kúrò tàbí tí wọ́n lé kúrò ní Silesia, Pomerania, Ìlà-Oòrùn Prussia (àwọn ilẹ̀ ìlà-oòrùn tó jẹ́ ti Jámánì tẹ́lẹ̀) àti àwọn ibòmíràn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bọ́ sáàárín àwọn ará abúlé tí kò fẹ́ rí wọn sójú. Lẹ́yìn náà ni Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ìjọba mìíràn ṣe àdéhùn kí wọ́n lè rí òṣìṣẹ́ gbà: Ítálì ní 1955, Sípéènì àti Gíríìsì ní 1960, Tọ́kì ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1961, Mòrókò ní 1963. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1973 ni wọ́n dá a dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ wá rí i pé bí àwọn bá jáde, àwọn lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aya àti ọmọ wọn wá. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń gbàgbé pé àwọn obìnrin wà tó jẹ́ pé àwọn ni ilé iṣẹ́ Jámánì dìídì gbà láti Tọ́kì, pàápàá fún iṣẹ́ rédíò àti ẹ̀rọ iná, tí wọ́n sì ṣáájú ọkọ wọn dé.

Fíìmù tí a kọ́kọ́ wò ni Grün ist die Heide, tí Hans Deppe darí ní 1951. Lüder Lüdersen, tó jẹ́ olówó ilẹ̀ ní Pomerania kí ogun tó lé e kúrò, ń gbé pẹ̀lú Helga ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìbátan wọn kan ní Lüneburger Heide, ní àríwá Jámánì. Ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára ìbọn àti igbó, ó wá di ẹni tó ń yọ́ lọ dọdẹ nínú igbó tí kì í ṣe tirẹ̀, Helga sì ń sá sókè sá sódò kí àṣírí bàbá rẹ̀ má baà tú. Níbi àjọ̀dún kan, bàbá náà dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará agbègbè náà, ó sì sọ fún wọn pé ẹni tí wọn kò lé kúrò nílé rí kò lè mọ bí ó ṣe máa ń rí. Nígbà tí fíìmù parí, olùdarí béèrè lọ́wọ́ gbogbo ìjókòó pé: “Níbo ni ilé yín?”

Àwọn ọkùnrin ló dáhùn. Ọ̀kan sọ̀rọ̀ nípa abúlé rẹ̀ nítòsí Kayseri ní Tọ́kì, ó ka orúkọ odò àti igi eléso ibẹ̀. Òmíràn sọ̀rọ̀ nípa Kumasi. Bàbá kan tó jẹ́ ará Jámánì sọ pé Silesia ni wọ́n ti lé àwọn òbí òun, pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi tún ayé wọn ṣe, wọn kò sì tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ ìjọba. Bí ó ṣe sọ ọ́, gbogbo wa mọ ẹni tí ó ń bá wí. Yàrá dákẹ́. Nínú àwọn obìnrin, tí àwọn ló pọ̀ jù, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó la ẹnu. Èrò dín kù gidigidi ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e.

A jíròrò nípa ìdí rẹ̀ láàárín ara wa. Ohun kan hàn kedere: ní Jámánì, ẹni tí awọ ara rẹ̀ tàbí orúkọ rẹ̀ bá ti yàtọ̀ ti gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba, lẹ́nu aládùúgbò àti lẹ́nu ọlọ́jà débi tí ó fi mọ̀ pé ìbéèrè mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, pé ìgbà wo ni o máa padà lọ. Obìnrin tí wọ́n bí sí ilé ìwòsàn tí kò jìnnà sí ilé ìkàwé náà ti ń gbọ́ ọ láti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Èyí tó gbà wá lákòókò díẹ̀ kí a tó rí i ni pé ẹni tó bá ní ohun tó sọnù ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń fún láyè láti sọ̀rọ̀. Bàbá tó fi oko àti ilé sílẹ̀ yóò rí nǹkan kà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó jókòó síbẹ̀ kò ní sẹ̀ǹtí kan nínú oko tàbí ilé ibi tí wọ́n ti wá, nítorí náà kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ kà.

Angst essen Seele auf, tí Fassbinder ṣe ní 1974, ló kàn. Emmi jẹ́ opó tó ti tó ẹni 60 ọdún, iṣẹ́ ìmọ́tótó ló ń ṣe ní Munich. Ali jẹ́ ará Mòrókò, mẹkáníìkì ni, ó sì kéré sí Emmi gan-an lọ́jọ́ orí. Wọ́n fẹ́ ara wọn, àwọn ọmọ Emmi àti àwọn aládùúgbò sì kẹ̀yìn sí i. Lọ́tẹ̀ yìí olùdarí kò béèrè ohunkóhun. Ńṣe ni ó tún ibì kan fi hàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ali ní òun fẹ́ jẹ couscous. Emmi ní òun kò mọ̀ ọ́n sè, pé ó yẹ kó kọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ ní Jámánì. Ali bá gba ọ̀dọ̀ obìnrin tó ni ilé ọtí lọ, ìyẹn sì sè é fún un. Ọkùnrin kan nínú ìjókòó sọ pé Ali kò jẹ̀bi, oúnjẹ ilé rẹ̀ ló béèrè. Ìyá àgbà ará Tọ́kì kan dá a lóhùn ní èdè tirẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì túmọ̀ rẹ̀: “Kí ló ṣe é tí kò fi sè é fúnra rẹ̀?” Ilé dàrú. Obìnrin mẹ́ta sọ̀rọ̀ papọ̀. Ẹnì kan rán wa létí pé ọkọ Emmi tó ti kú, ará Pólàǹdì ni, pé Emmi kan náà ló sì mú Ali lọ jẹun ìgbéyàwó nílé oúnjẹ tí Hitler máa ń jẹun tẹ́lẹ̀, tó sì ń fi ìyẹn yangàn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹni bọ́ kúrò lórí odò àti òkè, ó di ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò dúró nídìí iná.

Èyí fún wa nígboyà láti fi 40 qm Deutschland hàn, tí Tevfik Başer ṣe ní 1986. Dursun ti ń ṣiṣẹ́ ní Hamburg. Ó lọ fẹ́ Turna ní abúlé, ó mú un wá sínú ilé kékeré kan, láràárọ̀ tí ó bá sì ń lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Turna kò mọ̀. Ó fẹ́ jáde, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ilẹ̀kùn kò ṣí. Àwòrán fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò nínú ilé náà: ohun tí Turna lè rí ní Jámánì kò ju ibi tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí lọ. Lójú Dursun, ó ń dáàbò bo ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ ìwà ìbàjẹ́ ìlú òyìnbó ni. Òun fúnra rẹ̀ ń rìn káàkiri nínú ìlú tó ní ó bàjẹ́ yìí, ó sì sọ ìyàwó rẹ̀ di abúlé tó fi sílẹ̀. Níkẹyìn, gìrì gbé Dursun nínú ilé ìwẹ̀, ó sì kú, Turna sì níláti gba orí òkú náà kọjá kí ó tó lè jáde. Nígbà tí iná yàrá tàn, obìnrin kan láti Gánà béèrè ohun tí ó sọ di orúkọ ìpàdé wa láti ọjọ́ náà: “Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?”

Kí inú wa tó dùn tán, ọmọbìnrin kan dìde, ẹni tí òbí rẹ̀ ti Tọ́kì wá, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Inú bí i. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà nílé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń fi Turna han òun, pé gbogbo olùkọ́ tó bá ti wo fíìmù yẹn máa ń wo ìyá òun bíi pé inú túbú ló ti ń bọ̀. Ó ní àwọn ará Jámánì fẹ́ràn obìnrin Tọ́kì nígbà tó bá ń jìyà lọ́wọ́ ọkùnrin Tọ́kì, nítorí ìyẹn ń jẹ́ kí ilé tiwọn dà bí ibi òmìnira. Ó mú àpò rẹ̀, ó sì jáde.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbòǹgbò nínú ìtàn. Ní 1976 ni Shirins Hochzeit jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Jámánì, fíìmù tí Helma Sanders-Brahms ṣe nípa obìnrin kan tó sá kúrò ní Anatolia láti wá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní Cologne, tó ṣiṣẹ́ ní fáktírì, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì kú sọ́wọ́ àwọn tó ń fi í ṣòwò. Àwọn ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè-ẹni-lọ̀gá láàárín àwọn ará Tọ́kì fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n sì halẹ̀ mọ́ Ayten Erten tó ṣe Shirin. Àwọn wọ̀nyẹn ń bínú nítorí ọlá ìlú wọn. Ti ọmọbìnrin yìí yàtọ̀: ó ń bínú pé ohùn ẹlòmíràn ni a fi ń gbọ́ ìtàn ìyá òun. Nínú Shirins Hochzeit, ohùn olùdarí fíìmù náà gan-an ló ń bá Shirin sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àánú pọ̀ nínú ohùn náà, ṣùgbọ́n òun ló ń darí ìtàn.

Olùdarí ọmọ Yorùbá náà pe ọmọbìnrin náà lórí fóònù. Kò gbèjà fíìmù náà, kò sì bẹ̀ ẹ́ kó padà. Ó ní kó yan fíìmù tó kàn, kó sì darí ìjíròrò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ronú títí kó tó gbà. Lójú mi, kò sí ìpinnu tó lérè tó èyí nínú gbogbo ètò náà.

Gegen die Wand ló yàn, tí Fatih Akın fi gba Béárì Oníwúrà, ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Berlin, ní 2004. Sibel fẹ́ kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ó bẹ Cahit, ọkùnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara rẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò, pé kó fẹ́ òun lẹ́nu lásán kí òun lè rí ayé òun gbé. Ẹ̀jẹ̀, ọtí àti ìbálòpọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn ṣáájú, síbẹ̀ àwọn ìyá àgbà méjì dìde lọ, ẹnikẹ́ni kò sì dá wọn lẹ́bi. Àwọn tó kù jókòó pẹ́. Ibi tí wọ́n dúró lé jù ni ibi tí Sibel ti se ata tí wọ́n ki oúnjẹ sínú fún Cahit, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sè é. Obìnrin Nàìjíríà kan sọ pé Sibel kan náà tó sá fún ilé ìyá rẹ̀ ló ń gbé ìkòkò ìyá rẹ̀ kaná, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi wé couscous Ali. Wọ́n tún jíròrò ìparí rẹ̀: Cahit wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mersin níbi tí wọ́n ti bí i, ó ń lọ wá ilẹ̀ ìbí rẹ̀; Sibel dúró sí Istanbul pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọkùnrin náà ń padà sílé. Obìnrin náà ń gbé níbi tí ó ti rí àyè gbé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a padà sídìí Grün ist die Heide, tí a rò pé ó ti kú mọ́ wa lọ́wọ́. Apá díẹ̀ nínú rẹ̀ ni a fi hàn, ìbéèrè obìnrin ará Gánà yẹn ni a sì gbé kalẹ̀. Ojú gbogbo èèyàn kúrò lára Lüdersen tó ń dárò, ó lọ sára Helga. Ta ló ń tọ́jú bàbá tí ilẹ̀ rẹ̀ sọnù? Ta ló ń purọ́ nítorí rẹ̀? Ta ló fẹ́ aṣọ́gbó ìlú náà, tí ìdílé àtìpó fi di ẹni tó ní gbòǹgbò? Màmá ará Jámánì kan, tí kò tíì sọ̀rọ̀ rí, wá sọ pé láti Pomerania ni ìyá òun ti wá, pé ọmọ àgbẹ̀ kan ní abúlé ni wọ́n ní kó fẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ lè rí yàrá gbé, àti pé nílé wọn, omijé bàbá àgbà lórí oko tó sọnù nìkan ni gbogbo èèyàn máa ń sọ. Ìyá àgbà ará Tọ́kì tó jókòó tì í di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá tó sọ̀rọ̀ Silesia wà níbẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì jiyàn.

Ibẹ̀ ni ìyá kan láti agbègbè Ọ̀yọ́ ti sọ fún olùdarí wa pé: “Àbúrò mi, tiwa kò dúró dìgbà tí a bá wọ bàálù. Ọjọ́ tí mo sun ẹkún ìyàwó ni mo ti kó kúrò nílé bàbá mi, mo ti di àlejò nílé ọkọ kí n tó di àlejò níbí.” Ó sun díẹ̀ nínú ẹkún náà fún wa, ohùn rẹ̀ sì lágbára. Ó yẹ kí n sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dọ́gba fún gbogbo obìnrin. Ọmọbìnrin tó wà ní yunifásítì sọ pé òun kò fẹ́ kí a so ìyá òun àti gbogbo ìyá ayé pọ̀ mọ́ okùn kan. Ó tọ̀nà, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin Nàìjíríà náà ló béèrè fún iṣẹ́ Branwen Okpako, olùdarí fíìmù tí wọ́n bí ní Èkó ní 1969, tó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ fíìmù ní Berlin. Nínú The Education of Auma Obama, tó jáde ní 2011, ó tẹ̀ lé Auma Obama, ẹ̀gbọ́n Barack Obama tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, tóun náà lọ ilé ẹ̀kọ́ fíìmù yẹn, dé abúlé bàbá rẹ̀ ní Kẹ́ńyà nígbà ìdìbò Amẹ́ríkà ti 2008. Obìnrin ló di kámẹ́rà mú, obìnrin ló ń ṣàlàyé ara rẹ̀, ìpadàsílé náà sì jẹ́ ìpinnu tirẹ̀. Ọmọbìnrin wa láti yunifásítì ní irú èyí ni òun ń béèrè fún láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni a tó dìídì pe àwọn ọkọ láti wá wo Almanya, tí Yasemin Şamdereli darí ní 2011, tí òun àti Nesrin àbúrò rẹ̀ jọ kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bàbá àgbà Hüseyin ra ilé sí Tọ́kì, ó sì kó gbogbo ìdílé lọ wò ó. Ó kú lójú ọ̀nà, nígbà tí wọ́n sì dé ibẹ̀, ògiri iwájú àti ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n bá, kò sí nǹkankan lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin Nàìjíríà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ilé tí a ń fowó ránṣẹ́ sí láti òkè òkun tí kò gbé ẹsẹ̀ kúrò ní ìpìlẹ̀. Ọ̀kan sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé: “Bàbá Táyọ̀, owó tí mo gbà fún ìtọ́jú arúgbó lóru wà nínú bíríkì ilé yẹn. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀ rẹ̀?” Ọkọ rẹ̀ kò rí èsì fún un níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n bá ọ̀rọ̀ náà lọ sílé.

Ohun tí mo rí kọ́ fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa kò pọ̀. Ẹ má fi ìbéèrè nípa ilé bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ojú rí nínú fíìmù, ìkòkò, ilẹ̀kùn, ìwé ilẹ̀, kí ẹni tí kò ní ohun-ìní lè rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ má jẹ́ kí fíìmù tó ń fi ìyà obìnrin hàn dá dúró. Bí ẹ bá fẹ́ fi 40 qm Deutschland hàn, kí ẹ ti mú fíìmù tí obìnrin láti irú ìdílé bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe kalẹ̀ ṣáájú. Bí ẹnì kan bá bínú jáde, iṣẹ́ ni kí ẹ fún un, nítorí pé ó ti rí nǹkan tí ètò yín kò rí. Ẹ kìlọ̀ nípa ìwà ipá ṣáájú kí iná tó kú, kí ẹ sì jẹ́ kó yé àwọn èèyàn pé àwọn lè jáde láìtọrọ gáfárà.

Nípa iye èrò: àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó kò lè wá ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, nítorí alẹ́ ni wọ́n ń tún ọ́fíìsì ṣe. Nígbà tí a gbé ìpàdé lọ sí ọ̀sán Sunday, tí a sì san owó fún ẹni tí yóò máa bá wa tọ́jú ọmọ ní yàrá kejì, àwọn tó ti lọ padà wá, wọ́n sì mú ẹlòmíràn dání. Ẹni tó bá ń ṣírò owó irú ẹgbẹ́ yìí, kó kọ owó alágbàtọ́ sílẹ̀ kó tó kọ owó fíìmù.